Ẹ̀yìn Ni Àfòpiná Ń Kọ Sí Iná

Orí aṣọ funfun tí mo fẹ́ gé ló bà lé.

Oṣù kẹrin ọdún 2021 ni. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo Adó-Èkìtì ń rùn fún erùpẹ̀ tútù. Aṣọ ìyàwó ni mo ń rán. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó, òru Ọjọ́rú la sì wà yẹn. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa gbogbo ìlà rẹ̀ tán, mo ti mú àlùmágàjí dání, ni ohun kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé bá gba ojú fèrèsé wọlé. Ó yí gílóòbù po, ó forí sọ àjà, ó já bọ́ sáàárín aṣọ náà, ó sì tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tó ti délé.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àǹtí, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ n pa á."

Mo ní kó fi sílẹ̀. Ìlà kan ló dá mi dúró. Àwọ̀ kókó tí wọ́n sá gbẹ ni àwọ̀ ẹ̀dá náà, ojú ńlá kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì níwájú. Ṣùgbọ́n ìlà funfun kan gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá: ó bẹ̀rẹ̀ ní etí ìyẹ́ ọ̀tún, ó bọ́ sórí ìyẹ́ ẹ̀yìn, ó fo ara rẹ̀ kọjá sí apá òsì, ó sì jáde ní etí kejì. Ìyẹ́ mẹ́rin ni o, ẹ̀là mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìlà náà kò sì yẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ti rán aṣọ onílà rí mọ ohun tí mò ń wí. Kí ìlà pàdé ìlà níbi ojú rírán, òun ni ìyà aránṣọ, òun náà ni oníbàárà tó lójú máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ, mi ò tíì mú ẹ̀là mẹ́rin bára mu báyẹn rí.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ kan, mo fi páálí gbé e jáde lójú fèrèsé, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Láàárọ̀, mo fi fọ́tò náà han Màámi. Wọn kò tiẹ̀ wò ó pẹ́. "Àfòpiná ni. Ohun tó bá ń wọlé lóru, a kì í bi í pé níbo lo ti ń bọ̀. Ṣe ni kí ẹ pa á." Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà dàgbà nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa pé lẹ́búlẹ́bú tó wà lára ìyẹ́ rẹ̀ máa ń fọ́ni lójú, wọ́n sì kọ́ wa pé èyí tó bá tóbi jù nínú wọn, ẹnì kan ló rán an. Bẹ́ẹ̀ labalábá tó ń fò lọ́sàn-án, àwọn kan náà ló ń fi í kọrin fún ọmọ. Ìbátan ni àwọn méjèèjì. Ọ̀sán àti òru ló pín wọn níyà lójú wa. Ìwo tín-ín-rín orí labalábá máa ń ní kókó lórí bí ẹṣin ìṣáná, ti àfòpiná sì máa ń rí bí òwú tàbí bí ìyẹ́ adìyẹ. Bí labalábá bá bà, ó sábà máa ń pa ìyẹ́ dé sókè. Àfòpiná a tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tàbí kó fi bo ara bí òrùlé. Kò sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ibi nínú ìyẹn.

Oníbàárà mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ló ní kí n gbé fọ́tò náà sórí iNaturalist, ìkànnì ayélujára tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn dá ẹ̀dá inú fọ́tò mọ̀. Ọjọ́ kejì, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí, ní ilẹ̀ tí mi ò dé rí, kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀: Cyligramma latona. Mo wá orúkọ náà lọ. Pieter Cramer, ará ilẹ̀ Netherlands kan tó jẹ́ oníṣòwò, ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1775.

Ọdún yẹn dùn mí. Ìyá ìyá àwọn ìyá mi ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀dá yìí nígbà náà, ó ń yí fìtílà epo wọn po, àfòpiná ni wọ́n ń pè é. Àfòpiná náà ni wọ́n ń pe èyí tó kéré bí èékánná, àfòpiná ni wọ́n ń pe èyí tó ní àwọ̀ ewé, àti èyí tó ní àwọ̀ eérú. Labalábá inú ayé tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ tó nǹkan bí 18,000. Àfòpiná tí wọ́n ti sọ lórúkọ lé ní 100,000, wọn kò sì tíì parí. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwa kó lé gbogbo wọn lórí.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn ará ilé mi kò ya ọ̀lẹ nínú orúkọ sísọ. A mọ ìrẹ̀ yàtọ̀ sí tata. A mọ ẹ̀súnsún yàtọ̀ sí ikán tó bí i. A mọ oyin, a mọ agbọ́n. Ohun tí a ń jẹ, ohun tó ń ta wá, ohun tó ń ba oko wa jẹ́, gbogbo wọn ló ní orúkọ. Èyí tí kò wúlò fún ikùn tí kò sì bá wa jà, a máa ń kó o sínú àpò kan ni. Èmi sì gbà pé kí èèyàn wo nǹkan dáadáa, ìlò ni ìyẹn náà, ó tó ohun tí à ń torí rẹ̀ sọni lórúkọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mi ò ní kámẹ́rà ńlá. Fóònù tí mo fi ń gba sítáì lọ́wọ́ oníbàárà náà ni. Mo ra gíláàsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà, tó ń jẹ́ kí ohun tín-ín-rín hàn kedere. Mo ní bẹ́ẹ̀dṣíìtì funfun kan, mo ní okùn ìsáṣọ tó lọ láti ara igi ìbẹ́pẹ dé ògiri ilé ìdáná, mo sì ní iná tó ń gba ṣáájì. Iná funfun lásán ń pè wọ́n díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń pè wọ́n jù ni iná aláwọ̀ àlùkò, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń yẹ ayédèrú owó wò, torí pé ojú kòkòrò ń rí ìmọ́lẹ̀ kan nínú rẹ̀ tí ojú tiwa kò rí. Mo máa ń ta aṣọ náà sórí okùn, màá jẹ́ kí etí rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í bà sókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń rìn gbéregbère.

Òru tó dára jù ni òru tí kò sí òṣùpá, tí ojú ọ̀run ṣú, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Bí òṣùpá bá ti mọ́ roro, kí n má tiẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu. Nígbà ọyẹ́, mo lè jókòó títí di aago mẹ́wàá kí n má rí ju mẹ́ta lọ. Òru òjò àkọ́kọ́ gan-an kò dára bí ẹ ṣe rò, ẹ̀súnsún ni yóò bo aṣọ náà látòkè délẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ yóò tò sídìí rẹ̀ bí ẹni tó wá síbi àsè, àwọn ìbejì mi yóò gbé omi sínú abọ́ láti mú wọn. Lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi fọ́tò sílẹ̀, a ó yan ẹ̀súnsún jẹ. Bí iná àdúgbò bá sì lọ, àwọn ará ilé a máa bínú, inú tèmi a máa dùn, torí pé gbogbo òkùnkùn àdúgbò ti di tèmi. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún wọn ni èyí tó wà lẹ́yìnkùnlé mi.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló kọ́ mi ní èyí tó ṣòro jù nínú fọ́tò. Gbogbo ẹni tó bá ta fẹ́lífẹ́ẹ̀tì rí ló mọ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kọjú sí i gbangba, yóò dà bí aṣọ lásán; ẹ̀gbẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá kí irun rẹ̀ tó dìde. Bí ìyẹ́ àfòpiná ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Iná fóònù tó ń kọ mànà máa ń pa á lójú. Mo máa ń pa ìyẹn, màá ní kí Táyé mú tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́, kí Kẹ́hìndé mú bébà funfun síwájú tọ́ọ̀ṣì náà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀. Màá fi téèpù ìwọnṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá rí fọ́tò náà ní òdìkejì ayé lè mọ bó ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà ni màá yà á látòkè, màá yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, màá sì ya ojú àti ìwo rẹ̀.

Bó bá la ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ yára. Ìyẹ́ ẹ̀yìn dà bí láínì nínú kóòtù: ibẹ̀ ni àṣírí wà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Eudocima, ewé gbígbẹ ni ojú ìta wọn, ẹ lè tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ nínú pàǹtí láìmọ̀. Ṣùgbọ́n láínì wọn pọ́n bí èèpo ọsàn tó pọ́n dẹ́ngẹ́, àmì dúdú sì wà lórí rẹ̀. Ọsàn náà sì ni oúnjẹ wọn. Ẹnu wọn le débi pé wọ́n fi ń lu èèpo rẹ̀ tí èso á fi rà tí á sì já bọ́. Irú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka iná sí. Fún wọn, mo máa ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà jù pọ̀ mọ́ ṣúgà àti ẹmu, màá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, màá wá fi ra ara igi máńgòrò bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kì í ṣe ẹmu àárọ̀ o. Èyí tó ti kan ni wọ́n fẹ́.

Lẹ́búlẹ́bú tó ń fọ́ni lójú ńkọ́? Ìpẹ́ ni, bíi ti ẹja, ó kàn kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ ni. Mo ti fi gíláàsì mi wò ó. Wọ́n tò léra wọn bí páànù orí ilé, àwọn ló sì gbé gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ró. Bí ẹ bá fi ìka ra á, àwọ̀ ọ̀hún ti tán nìyẹn, kò sì ní hù mọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Nínú àwa àti àwọn, àwa là ń ṣe wọ́n léṣe.

Nígbà tó yá, àdúgbò rí mi. Aṣọ funfun, iná aláwọ̀ àlùkò, obìnrin kan tó dúró síwájú rẹ̀ lóru tó ń wò ó tó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: mi ò lè bá ẹnikẹ́ni wí. Bàbá onílé wá lọ́jọ́ Àìkú kan pẹ̀lú àgbàlagbà méjì.

"Ìyá Ìbejì, a ò fẹ̀sùn kàn yín o. Àmọ́ kí là ń rí lẹ́yìnkùnlé yín?"

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákun padà wá lálẹ́. Wọ́n wá. Mo gbé àga fún wọn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀dá kan tó ní àwọ̀ ewé bà sórí aṣọ náà, wọ́n ń pè é ní Daphnis nerii: ewé tútù, ewé gbígbẹ, àti àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó lọ́ wọnú ara wọn bí ànkárá tí ẹni tó yà á kò kánjú. Bàbá onílé dìde kúrò lórí àga. Wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n wọ awò ojú wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n mi orí. "Èyí tó dára tó báyìí, kí ló fẹ́ fi iná ṣe? Àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa."

Mo ti ń retí òwe yẹn. Mo sì ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí wọn jáde nínú Nature Communications. Kámẹ́rà tó ń ya nǹkan kíákíákíá ni wọ́n fi tẹ̀ lé bí kòkòrò ṣe ń fò níbi iná. Wọn kò rí ẹ̀dá tó ń lọ tààrà láti bá iná jà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí i. Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, ohun tó mọ́lẹ̀ jù lóru ni ojú ọ̀run. Kòkòrò tó bá ti kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ó dájú pé ikùn rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kò sì ní dojú dé. Bí wọ́n ṣe ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ nìyẹn. Àwa wá gbé ìmọ́lẹ̀ wá sílẹ̀. Bí àfòpiná bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, ara rẹ̀ a sọ pé ọ̀run nìyẹn, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á kọ ẹ̀yìn sí i, ìfò rẹ̀ á wá di yíyí po, yíyí po. Bó bá gba òkè iná kọjá, á dojú dé, á já bọ́.

Mo ní kí Bàbá onílé máa ṣọ́ wọn. Wọ́n dúró tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn. Wọ́n sì rí i, ẹ̀yìn ni. "Ṣé pé kò bínú sí fìtílà rárá?" Mo ní rárá, sà, ó ṣìnà ni. Wọ́n jókòó padà, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Òwe náà ṣì dára fún ọmọ èèyàn tó ń bá ẹni tó ju ú lọ jà, mo sì ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwádìí yẹn, mi ò lè jẹ́ kí iná mi wà níta di ọ̀gànjọ́ mọ́. Wákàtí méjì, ó tó. Màá pa á, màá sì dúró nínú òkùnkùn títí màá fi gbọ́ tí wọ́n ń bọ́ kúrò lára aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òru nìkan kọ́ ni ti wọn ṣá. Kẹ́hìndé sáré wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní agbọ́n wà lórí òdòdó lẹ́bàá géètì. Mo jáde, mo rí ohun tí ìdí rẹ̀ ní àmùrè pupa bí ọsàn, tí àwọ̀ aró ń dán lára rẹ̀, tí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú fèrèsé funfun. Èmi náà kó ọmọ sẹ́yìn. Ìgbà tí mo fẹ fọ́tò rẹ̀ lójú ni mo rí i pé kò sí ìbàdí tín-ín-rín tí agbọ́n máa ń ní. Euchromia lethe ni, àfòpiná ọ̀sán tó gbé ẹ̀wù agbọ́n wọ̀ kí ẹyẹ má bàa jẹ ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti yà, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Mímọ orúkọ wọn kì í rọrùn, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ rò pé fóònù yóò ṣe gbogbo rẹ̀ fún òun. Kọ̀ǹpútà iNaturalist tó ń dá orúkọ lábàá, fọ́tò tí àwọn èèyàn ti gbé síbẹ̀ ló fi kọ́ ọgbọ́n. Fọ́tò tó sì pọ̀ jù níbẹ̀, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù ló ti wá. Ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan rí pé ohun tó wà lára ògiri mi ní Adó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Kí ẹ tó gbà, ẹ wo máàpù ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀dá náà rí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí Afromoths, níbi tí wọ́n kó orúkọ àfòpiná ilẹ̀ wa jọ sí, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà tàbí lágbègbè rẹ̀ rí. Àwọn míì wà tí fọ́tò kò lè yanjú láéláé. Àfi kí onímọ̀ tú inú ìdí wọn wò lábẹ́ awò ńlá, tàbí kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ìran wọn, ìyẹn DNA, wò. Irú bẹ́ẹ̀, orúkọ ìdílé ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún wọn. Kò tì mí lójú. Ó sàn ju kí n parọ́ mọ́ ẹ̀dá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń dáko àgbàdo ní Ìkọ̀lé kò rí ìwúlò gbogbo èyí, títí mo fi fi fọ́tò àfòpiná kékeré kan hàn wọ́n, àwọ̀ eérú, tí kò ní ẹwà kankan. Mo ní ìyá kòkòrò tó ń jẹ yín lóko rèé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Spodoptera frugiperda ni mò ń sọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, inú oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kíyè sí i ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ilẹ̀ Yorùbá wa níbí, ní Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́. Ó lè fò tó 100 kìlómítà lóru kan. Mo sọ pé "ó ṣeé ṣe" nítorí àwọn ìbátan rẹ̀ jọ ọ́ púpọ̀. Ìdin rẹ̀ ló rọrùn láti dá mọ̀. Bí ẹ bá la ọkàn àgbàdo tí ẹ rí ìdin tó ní àmì Y tó dojú dé níwájú orí, tó tún ní tóótòòtó dúdú mẹ́rin tó tò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítòsí ìdí, òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti wá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi fúnra wọn báyìí.

Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé, a sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Àwọn yòókù lọ wo omi. Èmi ń wo ògiri tó wà lábẹ́ iná. Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni Bunaea alcinoe bà síbẹ̀, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ojú pupa rúsúrúsú kọ̀ọ̀kan wà lórí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, akọ ni, mo mọ̀ ọ́n lára ìwo rẹ̀ tó dà bí ìyẹ́ adìyẹ. Ìwo yẹn ló fi ń gbóòórùn abo láti ọ̀nà jíjìn. Kò lẹ́nu tó lè fi jẹun. Gbogbo ohun tó máa jẹ láyé, ó ti jẹ ẹ́ nígbà tó jẹ́ ìdin; ọjọ́ díẹ̀ tó kù fún un, abo ló fẹ́ fi wá kiri. Mo ya fọ́tò rẹ̀ títí bátìrì mi fi ń ké. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo padà síbẹ̀, ìyẹ́ mẹ́rin ni mo bá nílẹ̀ lábẹ́ iná náà, ẹyẹ ti jẹ ara rẹ̀ lọ. Ògiri yẹn kún fún ìyẹ́ lábẹ́. Mo ṣa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi wọ́n sáàárín Bíbélì mi gbé wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá igbó, ẹ máa pa iná ìta nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn.

Ẹnì kan wà tí mi ò tíì rí, òun sì ni mo ń wá jù.

Nínú àpótí Màámi, lábẹ́ káńfọ̀, aṣọ sányán ìyá wọn wà níbẹ̀. Ìyá àgbà fúnra wọn a máa hun kíjìpá, ṣùgbọ́n sányán yìí, wọ́n rà á ni. Sányán ni baba aṣọ, gbogbo wa là ń sọ ọ́. Mo ti rán sányán fún oníbàárà tó pọ̀ kí n tó mọ̀ pé òwú àfòpiná ni. Anaphe ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìdin rẹ̀ máa ń gbé pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n á jọ jẹ ewé, wọ́n á jọ hun ilé kan ṣoṣo bí àpò aláwọ̀ ilẹ̀, olúkúlùkù á sì wá hun yàrá tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa a ká àpò náà, wọ́n á fi omi eérú sè é kó lè rọ̀, wọ́n á sì ran án bí òwú. Kò sí aró nínú rẹ̀, àwọ̀ tó bá wá nìyẹn. Àwọn kan tún ń yan ìdin náà jẹ, ó sì ní àwọn tí gbọ̀ngbọ̀n ti mú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́; àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára èèyàn.

Púpọ̀ nínú sányán òde òní, òwú lásán tí wọ́n pa láró ni. Mo fẹ́ mọ ti ìyá àgbà. Mo fa òwú kan péré ní etí rẹ̀, mo fi iná sí i lójú Màámi. Òwú oko máa ń rùn bíi bébà tó jóná. Èyí rùn bí irun. Màámi na imú sí i. "Irun ẹran ni?" Mo ní rárá o, òwú àfòpiná ni. Ìdí nìyẹn tí káńfọ̀ fi wà nínú àpótí: àfòpiná kékeré kan wà tí ìdin rẹ̀ ń jẹ irun àti sílíìkì, kì í sì fẹ́ràn òwú oko. Àfòpiná ló pèsè rẹ̀, àfòpiná náà ló fẹ́ jẹ ẹ́. Màámi di òwú tó jó kù náà mú láàárín ìka méjì fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. "A sì ń fi sálúbàtà pa wọ́n."

Àbúrò wọn ní oko lẹ́bàá Ìsẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi lọ síbẹ̀, wọ́n sì fi igi arère kan hàn mí, èyí tí ọ̀kan nínú wọn tí à ń pè ní Anaphe venata máa ń jẹ ewé rẹ̀. Àpò kan ń rọ̀ lára ẹ̀ka rẹ̀, ó ti gbẹ, ihò kún ara rẹ̀. Wọ́n ti jáde lọ. Mo yà á láti gbogbo ìhà, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láìfọwọ́ kàn án, torí irun ara wọn tó ń yún-ni máa ń kù sínú ilé wọn. Mo ti rí fọ́tò àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ó funfun bíi wàrà, ìlà àwọ̀ ilẹ̀ sì lọ lórí ìyẹ́ rẹ̀ bí ojú rírán. Kò tíì bà sórí aṣọ mi.

Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ òní. A jẹ iyán tán, iná àdúgbò ti lọ, òṣùpá kò sì sí. Mo ti ta bẹ́ẹ̀dṣíìtì náà. Màámi ti gbé àga wọn jáde sẹ́yìnkùnlé, wọ́n fi ìró bo ẹsẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, bí nǹkan funfun kan bá sì ti já lu aṣọ, wọ́n á na ọrùn.

"Sányán ni?"

Mo ní òun kọ́, Mà. Wọ́n ní kí n sún iná náà sọ́tùn-ún díẹ̀.